Ẹ̀bùn Òmìnira àti Ọwọ́ Tí Ó Mú Un Wá: Ìtàn Kan Láti Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Agbègbè Rẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àlejò láti òkè òkun mú wá sí ilẹ̀ wa tí ó dùn ní etí tó ọ̀rọ̀ òmìnira. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọ̀rọ̀ náà ń pààrọ̀ aṣọ. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, òmìnira àwọn ẹrú ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di òmìnira òwò. Lẹ́yìn èyí ó di ààbò. Lẹ́yìn ààbò ó di ìṣàkóso ìbílẹ̀. Ní ìgbà tiwa yìí, ìbò dídì àti ìjọba tiwa-n-tiwa ni wọ́n ń pè é. A pinnu láti tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé kékeré wa, kí a sì dúró sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti etí omi tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti wò ó. Ìtàn tí a bá sọ láti Èkó nìkan tàbí láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìkan kì í sábà fi hàn wá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ kẹ́gàn ìbò. Àwa pẹ̀lú ti tò lórí ìlà nínú oòrùn, a ti tẹ ìka wa, a sì ti dúró títí wọn fi kà á. Ohun tí a ń bèèrè yàtọ̀ sí èyí: nígbà tí alágbára bá gbé ohun rere wá fún aláìlágbára, kí ni ó gbé lọ nígbà tí ó ń padà?

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà láàrín àwọn Oǹdó ní àríwá àti àwọn ará wa Ìlàjẹ àti Àpọ́ì tí ń gbé orí omi àti etí òkun ní gúúsù. Láti ìgbà láéláé ni ìlú kọ̀ọ̀kan ti ní aládé tirẹ̀: Àbòdì ní Ìkòyà, Ọlọ́fun ní Ìrèlè, Jẹ́gun ní Ìdèpé, Halu ní Òde Ayé, Rẹ̀bùjà ní Òṣòòrò, àti àwọn mìíràn tí a kò lè kà tán níhìn-ín. Ọba kì í dá ìlú ṣe. Àwọn olóyè ni í bá a jókòó, àwọn afọbajẹ ni í yan ọmọ oyè láti inú ìdílé tí ó kàn, Ifá sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ọba tí ìlú bá kọ̀, ìlú mọ ọ̀nà tí wọn í gbà kọ̀ ọ́. Ní Oǹdó, tí í ṣe aládùúgbò wa, obìnrin tí a ń pè ní Lóbùn ní ipò tirẹ̀ nínú ìfọbajẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì sọ pé obìnrin ni Pupupu tí ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. A kò sọ pé àtijọ́ kò ní àbùkù. Ẹrú kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀, àlejò kò ní i, ọ̀dọ́mọkùnrin a sì máa dákẹ́ níwájú àgbà títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé àwọn àlejò ni ó kọ́ wa pé kí a máa gbìmọ̀ kí a tó ṣe nǹkan, irọ́ ni ó pa.

Èkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1845 Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì bọ́ sí Àgbádárìgì, níbi tí ó ti ránṣẹ́ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí ìtẹ́ baba òun, òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. Ní ìparí ọdún 1851, Kọ́nsù John Beecroft kó àwọn ọkọ̀ mánúwà wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, Akíntóyè fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti parí, pé ọ̀nà òwò yóò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àti pé a ó dáàbò bo àwọn oníwàásù.

Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Akíntóyè kú ní ọdún 1853, Dòsùmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tí a ń pè ní Prometheus nínú ọ̀sà, Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé mìíràn tí ó fi gbogbo Èkó lé Ọba-Obìnrin Victoria lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa fún un ní owó ẹyọ 1,200 àpò lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí a ní a wá gbà là ṣe di ìlú oní-ǹkan, àwọn tí ó sì gbà á là ni oní-ǹkan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Ìjọ, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Àwọn oníwàásù C.M.S. wà lára àwọn tí ó rọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọn dá sí ọ̀ràn Èkó. Nínú ọdún 1851 náà ni Samuel Àjàyí Crowther wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó rí Lord Palmerston, olórí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, tí ó sì rí Ọba-Obìnrin fúnra rẹ̀, tí ó sọ bí òwò ẹrú ti ń jẹ ilẹ̀ Yorùbá run. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Àwọn tí ó kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821 kò béèrè àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ẹrú tí a tú sílẹ̀ ni àwọn olóṣèlú fi ṣe ìbòrí fún ète tiwọn, nítorí wọn kò fẹ́ òmìnira ẹrú nìkan. Wọ́n fẹ́ epo pupa, wọ́n fẹ́ ẹ̀kùn ọ̀sà, wọ́n sì fẹ́ kí owó ibodè bọ́ sí àpò tiwọn. Àwọn ohun méjèèjì wọ inú ọkọ̀ kan náà wá. Láti ọjọ́ náà ni ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀, pé a kò lè ju ọ̀kan sínú omi kí a má ju èkejì.

Láti Èkó, ọ̀nà tọ etí ọ̀sà wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá a máa ti ọ̀nà òwò pa nígbà tí inú wọn kò bá dùn. Nítorí náà ni Gómìnà John Hawley Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ṣe wá ọ̀nà ìlà-oòrùn tí yóò gba ọ̀sà kọjá dé Òde Oǹdó, kí ó sì já sí òkè láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ọdún 1872 àwọn ènìyàn rẹ̀ ran àwọn Oǹdó lọ́wọ́ láti padà sí ìlú wọn tí ogun abẹ́lé ti sọ di ahoro. Iṣẹ́ àlàáfíà ni, a kò sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníwàásù gba ọ̀nà kan náà gòkè. Charles Phillips dé Òde Oǹdó ní ọdún 1877, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ọ̀nà tí Ìhìnrere gbà wá, òun ni ẹmu Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ Manchester àti ìwé ààbò gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Màhín, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ni ní ìtàn a máa fò ó. Ní ọdún 1885, nígbà tí àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù ti jókòó ní Bẹ̀lín láti pín ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn aṣojú ilé òwò Gaiser, tí í ṣe ti àwọn ará Jámánì, lọ bá Amápétu ti Màhín. Wọ́n ń wá èbúté tí owó ibodè Èkó kò dé. Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá a ṣe ìwé àdéhùn, a sì pe etíkun Màhín ní ilẹ̀ tí Jámánì ń dáàbò bò. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ará Jámánì ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n jọ ń du, wọ́n sì fi Màhín lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nínú ọdún kan ṣoṣo, Màhín ní olúwa méjì tí kò sí èyí tí ó bí i. Ìwé tí ó gbé e láti ọwọ́ èkíní sí ọwọ́ èkejì, Amápétu kò jókòó sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́.

A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi èyí sí ọkàn. Àdéhùn ni orúkọ tí a fún un, bí ẹni pé ẹni méjì tí ó bára wọn dọ́gba ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè ta àdéhùn náà fún ẹlòmíràn láìsọ fún ẹnìkejì rẹ̀, oníṣòwò ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n ran àwọn òṣìṣẹ́ wọn wá sí àárín wa, wọ́n sì fi Òkìtìpupa ṣe ibùjókòó ẹ̀ka kan nínú Ìgbèríko Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Àpọ́ì lápapọ̀. Òyìnbó tí ó ń ṣàkóso níbẹ̀, Ajẹ́lẹ̀ ni àwọn baba wa pè é. Ó dára kí a ro orúkọ yìí wò. Ẹni tí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn bá fi sí ìlú tí ó ti ṣẹ́gun, òun ni ajẹ́lẹ̀. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Èkìtì wà lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀. Òyìnbó náà sọ pé ọ̀rẹ́ àti olùrànlọ́wọ́ ọba ni òun. Àwọn àgbà tẹ́tí sí i, wọ́n wo ọlọ́pàá tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó yẹ ẹ́.

Ìlànà tí Lugard mú wá lẹ́yìn tí wọ́n da àríwá àti gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914 ni pé kí a máa ti ọwọ́ ọba ìbílẹ̀ ṣàkóso. Wọ́n ní àṣà wa ni àwọn ń bọ̀wọ̀ fún. Ní ibi tí ọba ńlá kan wà, ó rọrùn fún wọn. Ní ilẹ̀ bíi Ìkálẹ̀, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní adé, kò rọrùn, nítorí ìlànà náà ń fẹ́ orí kan tí a lè dì mú. Ọba tí ìlú ti ń yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀, ó sì ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ ti ń wá ni etí rẹ í dojú kọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi orúkọ àṣà wa ba ohun tí ó dára jù nínú àṣà náà jẹ́, èyí ni pé kí ọba máa bẹ̀rù ìlú.

Ní ọdún 1922, Gómìnà Hugh Clifford fún wa ní ìbò àkọ́kọ́. Ẹni mẹ́ta ni kí Èkó yàn sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kí Kàlàbá yan ẹnì kan, kìkì àwọn ọkùnrin tí ó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún ni ó sì lè dìbò. Àgbẹ̀ kan tí ń kọ ebè ní Igbódìgò kò rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àpótí ìbò ní ibi tí ó wà bí ó tilẹ̀ rí i. Síbẹ̀ òun náà ń san owó orí tí ìjọba ń ná.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ sí inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn wà. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dé ààlà Ẹdó ni ọ̀dà dúdú tí a ń pè ní bítúmẹ́ẹ̀nì wà lábẹ́ erùpẹ̀, ó sì gba agbègbè Òkìtìpupa kọjá. Láti nǹkan bí ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ kan tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga ní ìhà Àràròmí àti Agbábù, ní ìrètí pé wọn yóò bá epo rọ̀bì. Ìjọba yá wọn lówó. Bergheim kú ní ọdún 1912, ogun àgbáyé sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nínú ọdún 1914 kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé kìkì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó lè wá epo ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1938 wọ́n fún Shell D'Arcy ní àṣẹ láti wá epo jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí. Òmìnira òwò tí wọ́n fi ìbọn mánúwà wàásù rẹ̀ fún Kòsọ́kọ́ ní 1851 ti gbàgbé ọ̀nà ilé.

Nítorí ìdí èyí ni ọdún 1945 fi ṣe pàtàkì sí wa ju bí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti ń sọ lọ. Ní ọdún náà Gómìnà Arthur Richards gbé ìwé òfin tuntun jáde, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1947. Ó ní yóò mú ìṣọ̀kan wá, yóò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i nínú ọ̀ràn ara wọn. Kò bi àwọn ènìyàn náà kí ó tó kọ ọ́. Ní ọdún 1945 kan náà ni wọ́n ṣe òfin mẹ́rin mìíràn: ọ̀kan fi gbogbo ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀ lé Adé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, méjì jẹ́ ti gbígba ilẹ̀ àti ilẹ̀ Adé, ẹ̀kẹrin sì fún Gómìnà ní agbára láti fi ọba jẹ àti láti rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹ gbé ìwọ̀n méjèèjì sí orí òṣùwọ̀n. Ní ọwọ́ kan, àwọn aṣojú tí Ajẹ́lẹ̀ fọwọ́ sí yóò máa lọ sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọwọ́ kejì, ilẹ̀, ohun abẹ́ ilẹ̀, àti ọba tí ó jókòó lórí rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn ará wa kò dákẹ́. Herbert Macaulay, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbéra láti Èkó ní 1946 láti káàkiri orílẹ̀-èdè nítorí ọ̀ràn yìí, àìsàn sì dá a dúró lọ́nà, ó kú ní ọdún náà. Ní ọdún 1947 àwọn aṣojú N.C.N.C. lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìbò tí a wá rí gbà lẹ́yìn náà, àwọn wọ̀nyí ni ó já a gbà. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹ̀bùn ni.

Ní ọdún 1951 ìbò dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níkẹyìn lábẹ́ ìwé òfin Macpherson. Kì í ṣe ìbò tààrà. Àwọn asanwó-orí ní abúlé yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyí yan àwọn mìíràn, àwọn ìkẹyìn ni ó yan ẹni tí yóò lọ sí ilé aṣòfin ní Ìbàdàn. Òfin 1952 lórí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ni ó sọ ìgbìmọ̀ ìlú di ti àwọn tí a dìbò yàn, tí àwọn ọba àti olóyè sì di ẹni díẹ̀ láàrín wọn. Èyí, ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ni ó ti wá, ó sì ní èso. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ abúlé tí kò sí ẹni tí ìbá rán wọn lọ rí ilé-ìwé wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàrín ìbò tí a gbé wá àti ìbò tí a gbìn, kí ó wo ọdún mẹ́rin yẹn.

Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ìwé àdéhùn ológun kan bá a dé, tí yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa rí àyè lò ní ilẹ̀ wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún náà láti kọ̀ ọ́, wọ́n sì fa ìwé náà ya ní ìbẹ̀rẹ̀ 1962. A tún mọ̀ pé ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tí a ń pè ní Mbari, tí a dá sílẹ̀ ní 1961, rí owó gbà lọ́dọ̀ àjọ kan tí ó ní òun ń gbèjà òmìnira àṣà. Ní 1966 àti 1967 ni ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú u fó pé láti ọwọ́ àwọn amí Amẹ́ríkà, C.I.A., ni owó àjọ náà ti ń wá. Àwọn òǹkọ̀wé wa kò mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi owó náà ṣe dára, a sì ń kà á títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ kò fi í ránṣẹ́ nítorí ewì.

Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, Amẹ́ríkà yí ọ̀nà padà. Ní ọdún 1983, nígbà tí Reagan jẹ́ Ààrẹ, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní gbangba, National Endowment for Democracy, láti máa fi owó ran àwọn tí ń wá ìjọba tiwa-n-tiwa lọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Allen Weinstein, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbìmọ̀ rẹ̀, jẹ́wọ́ ní 1991 pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ní gbangba ni C.I.A. ti ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òótọ́ rẹ̀.

Owó irú àjọ bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ kan ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí àwọn ológun fagi lé ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993. A kò ní í fi ọwọ́ rọ́ ìrànlọ́wọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ran àwọn tí ń gbèjà àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́, a sì mọ ohun tí ẹ̀wọ̀n jẹ́ nígbà náà. Michael Adékúnlé Àjàṣin ti Ọ̀wọ̀, tí ó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó sì jẹ́ olórí NADECO, lo ìgbà ogbó rẹ̀ nínú ìjà náà títí ó fi kú ní ọdún 1997 láìrí òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, tí Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì lé Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ kan, epo wa kò dáwọ́ dúró ní èbúté Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kan. Wọ́n fi ìyà jẹ ìjọba ológun ní ibi gbogbo àfi ibi tí yóò ti dun àwọn náà.

Etí òkun wa rí i. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ orí pèpéle epo Chevron tí a ń pè ní Parabe, nínú òkun ní iwájú ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní omi iyọ̀ ti ba omi mímu àti ẹja àwọn jẹ́, pé kí ilé-iṣẹ́ náà bá àwọn àgbà àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà fi bàálù hẹlikọ́pítà tí ilé-iṣẹ́ náà yá balẹ̀ sórí pèpéle, wọ́n yìnbọn, ọ̀dọ́ méjì kú. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ìjínigbé ni, àti pé ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ òun ni òun ń dáàbò bò. Àwọn Ìlàjẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sí San Francisco, ní ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ níbẹ̀ wí pé ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. A kò bá wọn dá ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, orílẹ̀-èdè kan náà ni ó ń fi owó kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní Èkó, tí ó sì ń ra epo tí a ń wà láti Parabe. Ọwọ́ méjèèjì mọ ara wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 1999 a dìbò láti yan Ààrẹ. Olú Fálaè, ọmọ Àkúrẹ́, bá Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ díje. Jimmy Carter, tí ó ti jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí, wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti wo ìbò náà. Kí ó tó lọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò lè sọ bí àbájáde náà ti péye tó nítorí ohun tí ojú òun rí. Ìjọba rẹ̀ àti àwọn ìjọba yòókù gba àbájáde náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 2007 àwọn aláwòyẹ̀ láti Yúróòpù sọ gbangba pé ìbò ọdún náà kò dé òṣùwọ̀n. Ìjọba tí ó tinú rẹ̀ jáde ni wọ́n bá ṣe iṣẹ́. Nítorí náà ni àwa kì í fi ọwọ́ dan-in dan-in mú ọ̀rọ̀ aláwòyẹ̀. Ó rí, ó kọ, ó wọ ọkọ̀, àwọn tí ó rán an a sì ṣe bí ó ti wù wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ìjọba Amẹ́ríkà tuntun dá owó ìrànlọ́wọ́ òkèèrè dúró, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ USAID pa. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti fi ara lé owó yẹn pátápátá láti máa kọ́ àwọn olùdìbò wa ti rí i pé ọmọ tí kò mu ọmú ìyá rẹ̀ kì í pinnu ìgbà tí a ó já a lẹ́nu ọmú.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìrírí tirẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde Akin Ọmọ́bóríowó ní gómìnà dípò Àjàṣin, iná sọ ní Àkúrẹ́ àti ní ibòmíràn, ilé jó, ènìyàn kú. Ilé-ẹjọ́ ni ó dá ipò padà fún Àjàṣin, kí àwọn ológun tó wá gbá gbogbo rẹ̀ dànù ní ìparí ọdún náà. Ní 2007, Olúṣẹ́gun Mímìkò gbé ẹjọ́ ìbò gómìnà lọ sí ìgbìmọ̀ ìdájọ́. Ọmọ wa, ọmọ Iju-Odò ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, Olúṣẹ́gun Àgàgú, ni ó wà lórí àlééfà. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí a dìbò yàn ní gómìnà ìpínlẹ̀ yìí, òun sì ni ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 2008. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Àkúrẹ́ dá Mímìkò láre ní 2008. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún 2009, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Bìní fi ọwọ́ sí i. Àgàgú fi ipò sílẹ̀ láìsí ogun. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n búra fún Mímìkò. Àwọn agbẹjọ́rò wa, àwọn adájọ́ wa, àti àwọn olùdìbò tí ó pa ìwé ẹ̀rí wọn mọ́ ni ó ṣe é, pẹ̀lú bí ó ti dun apá kan nínú wa tó. Àgàgú kú ní ọdún 2013. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Òkìtìpupa ń jẹ́ báyìí, àwọn ọmọ tí ó wá láti Àkúrẹ́, láti Oǹdó, àti láti etí omi Ìlàjẹ sì jọ ń kàwé nínú rẹ̀.